Àwọ̀ Kì í Dá Sọ̀rọ̀: Lámèyítọ́ lórí Atọ́ka Aláwọ̀ fún Èròjà Onírin Inú Omi, pẹ̀lú Àfojúsùn sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Ìbàdàn

Àṣamọ̀

Àwọn onísáyẹ́ǹsì ti ṣe oríṣiríṣi èròjà àti bébà tí àwọ̀ wọn máa ń yí padà bí wọ́n bá kan irin, bàbà, òjé tàbí ásẹ́níìkì nínú omi. Ìyìn tí a sábà máa ń fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni pé kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, kò sì gba ìmọ̀ púpọ̀; ojú lásán ti tó. Iṣẹ́ yìí yẹ ìyìn náà wò fínnífínní. Èrò wa ni pé kò sí ojú lásán níbì kankan: inú èdè àti inú àṣà ni ojú ti ń ka àwọ̀. A fi kànga, òrùlé àti ìkòkò aró Ìbàdàn àtijọ́ gbé àlàyé wa lẹ́sẹ̀, a sì dá ìbéèrè mẹ́ta lábàá tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ bi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé e síwájú akẹ́kọ̀ọ́ tàbí aráàlú.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni, nítorí kò sí ẹ̀dá alààyè tí kò mu omi. Ṣùgbọ́n omi tí kò lọ́tàá yìí kì í kọ àlejò. Ohunkóhun tí ó bá bá pàdé lójú ọ̀nà ni ó ń gbà mọ́ra. Bí òjò bá rọ̀ sórí páànù, ohun tó wà lára páànù ni yóò bá omi wọ inú garawa. Bí omi bá rin inú ilẹ̀ lọ sí kànga, ohun tó wà nínú ilẹ̀ ni yóò bá a dé ibẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lára Ìbàdàn àtijọ́, ní agbègbè Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹ́yẹrúnkà, níbi tí agboolé ti fara kan agboolé tí òrùlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun ara wọn. Omi ẹ̀rọ Ẹlẹ́yẹlé bẹ̀rẹ̀ ní 1942, ti Aṣéjìre sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1972, síbẹ̀ kànga kò kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìbàdàn àtijọ́. Kànga agboolé ni a ń yíjú sí nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Omi òjò tí a gbè lábẹ́ òrùlé náà sì ń ṣe ìrànwọ́ tirẹ̀.

Báwo ni aráàlú ṣe ń mọ omi tó dára? Ojú ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ó mọ́ gaara. Imú ni wọ́n fi ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ahọ́n ni wọ́n fi ń tọ́ ọ wò. Ọ̀nà kẹrin kan wà tí a kì í sábà kà kún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, èyí ni ọṣẹ. Bí omi kò bá jẹ́ kí ọṣẹ hó, àwọn ìyá wa á ní omi náà le. Ìdánwò gidi ni èyí jẹ́, nítorí kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù tó yọ́ sínú omi ni ó ń dí ọṣẹ lọ́wọ́. Nítorí náà, kì í ṣe òkèèrè ni èrò pé a lè fi nǹkan kékeré dá èròjà onírin mọ̀ nínú omi ti wá bá wa. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ìlérí tí ó tẹ̀ lé atọ́ka aláwọ̀: pé ẹnikẹ́ni, níbikíbi, yóò ki bébà bọ omi, yóò wo àwọ̀, yóò sì mọ òtítọ́. Ìlérí yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Kí ni atọ́ka aláwọ̀?

Bí irin, bàbà tàbí òjé bá yọ́ sínú omi, ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ a pàdánù díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ara rẹ̀. Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù kò ṣeé fi asẹ́ sẹ́, ojú kò sì lè rí i. Nínú iṣẹ́ yìí, ‘èròjà onírin’ ni a ó máa lò fún gbogbo wọn lápapọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà ‘irin’ lè dúró fún irin gan-an tí alágbẹ̀dẹ ń rọ.

Atọ́ka aláwọ̀ jẹ́ èròjà tí ó máa ń di áyọ́ọ̀nù kan mú. Bí àwọn méjèèjì bá ti so pọ̀, irú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé mì yóò yí padà, àwọ̀ tí ojú ń rí yóò sì yí pẹ̀lú. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tòní. Ní 1878 ni Emil Fischer ará Jámánì kọ́kọ́ ṣe èròjà tí a ń pè ní dithizone. Ní 1925 ni Hellmut Fischer fi hàn pé a lè lò ó láti ṣàwárí èròjà onírin: àwọ̀ ewé ni dithizone ní, ṣùgbọ́n bí ó bá di òjé mú, á di pupa. Ní 1905, Chugaev ará Rọ́ṣíà fi dimethylglyoxime mú níkẹ́ẹ̀lì, ó sì rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà mọ thiocyanate, tí ó máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bí ó bá bá irin pàdé.

Ní ayé òde òní, ọgbọ́n náà ti gòkè sí i. Ní 2003, Liu àti Lu ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà lo wúrà tí ó kúnná débi pé ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀. Bí wúrà náà bá ṣùjọ, àwọ̀ aró ni omi rẹ̀ ń ní. Bí ó bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pupa ni. Wọ́n so wúrà yìí mọ́ èròjà àbínibí tí òjé nìkan lè mú kí ó já, pupa sì di àmì òjé. Nítòsí wa, àwọn onímọ̀ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi omi èèpo obì ṣe fàdákà kíkúnná, tí ìyípadà àwọ̀ omi náà sì jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti dì. Irú fàdákà kíkúnná bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí a ń lò láti ṣàwárí mẹ́kúrì. Kò sí àní-àní, nígbà náà, pé ọgbọ́n gidi wà nídìí iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe kẹ́mísírì rẹ̀ ni a ń bá jà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń polówó rẹ̀ ni a fẹ́ gbé lé òṣùwọ̀n.

Dídákẹ́ àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé omi mọ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Ẹni tó bá dúró ní Òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngán ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929 wà, tí ó wo ìsàlẹ̀, òrùlé tó ti dípẹtà ni yóò kún ojú rẹ̀. Ìpẹtà yìí jẹ́ atọ́ka aláwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ó ń sọ pé òjò àti afẹ́fẹ́ ti jẹ irin páànù náà. Ṣùgbọ́n kí ìpẹtà tó yọjú, nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Síńkì ni wọ́n fi ń bo irin páànù láti dáàbò bò ó. Òjò ni ó ń jẹ síńkì yìí díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síńkì sì ń bá omi ṣàn wọ inú garawa láìní àwọ̀ kankan. Ìgbà tí síńkì bá tán ni pupa ìpẹtà tó hàn. A jẹ́ pé nígbà tí òrùlé ń dán, tí omi rẹ̀ ń mọ́ gaara, ni síńkì rẹ̀ ń lọ jù. Ẹni tí ó bá dúró de àwọ̀ kò ní í mọ̀ rárá.

Òdiwọ̀n omi mímu tí Àjọ Standards Organisation of Nigeria gbé jáde ní 2007 fi mílígíráàmù 3 nínú lítà kan ṣe ààlà fún síńkì. Fún òjé, mílígíráàmù 0.01 péré ni. Kí èyí lè yé wa, gíráàmù òjé kan ṣoṣo ti tó láti mú tánńkà omi mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10,000, dé ojú ààlà náà. Wàyí o, àwọn bébà ìdánwò òjé kan wà lórí àtẹ tí òǹkà wọn bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 20 nínú lítà kan. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 2,000 ohun tí òfin gbà. Bébà bẹ́ẹ̀ wúlò fún omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́. Bí olùkọ́ bá kì í bọ omi kànga, tí kò yí àwọ̀, tí ó wá sọ fún onílé pé omi rẹ̀ kò ní òjé nínú, irọ́ ni ó pa, bí kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2010, ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọmọdé kú ní Ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí òjé tó wà nínú òkúta tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ láti wá wúrà. Ikú àti gìrì ọmọdé ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, kì í ṣe àwọ̀ omi. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń yọ òjé láti inú bátìrì àlòkù pa ní Ògijo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nínú ilé pàápàá, tìróò tí a fi ń ṣe ojú ọmọ lóge lè jẹ́ òjé: ní 2012, àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà kéde pé tìróò láti Nàìjíríà, tí wọ́n bá lójú ọmọ ọwọ́ kan ní Boston, jẹ́ òjé ní ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni à ń sọ.

Ìdákẹ́jẹ́ mìíràn tún wà tí ó fara sin jù báyìí lọ. Oríṣi áyọ́ọ̀nù irin méjì ni ó wọ́pọ̀. Irin inú omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, jẹ́ oríṣi kìíní, thiocyanate kì í sì í pọ́n fún un. Bí omi náà bá jókòó sínú garawa, tí afẹ́fẹ́ sì kàn án, irin rẹ̀ á di oríṣi kejì, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, thiocyanate náà á sì fèsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dán omi wò ní kété tí ó jáde àti èyí tó dán an wò lọ́jọ́ kejì yóò bá ara wọn jiyàn, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni. Èkíní kò mọ̀ pé phenanthroline ni ó yẹ kí òun lò, èyí tí ń fún oríṣi kìíní ní àwọ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n.

Ní ti dithizone tí a yìn lókè, ìlànà àtijọ́ tí a fi ń mú un dá òjé nìkan mọ̀ gba sáyánáìdì, kí àwọn èròjà onírin yòókù má bàa dí i lọ́wọ́, ó sì gba chloroform. Ta ni yóò gbé sáyánáìdì lọ sí ẹ̀bá kànga? Ìyàtọ̀ wà láàárín ìdánwò tí ó ṣeé ṣe nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò àti èyí tí ó ṣeé gbé wọ agboolé.

Àwọ̀ àti èdè tí a fi ń kà á

Apá yìí ni ó kan àwa olùkọ́ èdè jù lọ. Láti ìgbà tí Berlin àti Kay ti gbé ìwé wọn lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ jáde ní 1969 ni àríyànjiyàn ti ń lọ nípa iye ọ̀rọ̀ àwọ̀ gbòógì tí èdè kọ̀ọ̀kan ní. Ohun tí a sábà máa ń sọ nípa Yorùbá ni pé mẹ́ta ni: funfun, dúdú àti pupa. Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí wá sínú yàrá kẹ́mísírì ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí òjé bá pàdé áyódáìdì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó ń jáde ń dán bí ìyeyè. Bí irin oríṣi kejì bá pàdé sódà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ dà bí amọ̀ tó pọ́n. Yorùbá lè pe méjèèjì ní pupa. Bàbà nínú amóníà ń mú àwọ̀ aró tó jinlẹ̀ wá. Irin oríṣi kìíní nínú sódà ń mú àwọ̀ ewé tó ṣú wá. A lè pe méjèèjì ní dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ‘ó di pupa’ kò ṣìnà nínú èdè, ṣùgbọ́n kò tíì sọ bóyá irin ni ó rí tàbí òjé.

Àwọn kan yóò fi èyí ṣe ẹ̀rí pé èdè Yorùbá kò tó fi kọ́ sáyẹ́ǹsì. A kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta, tí ó dúró síbẹ̀, kò tíì gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ àwọ̀. Lọ́nà kìíní, a máa ń fi àwọ̀ wé ohun tí a mọ̀: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ osùn, àwọ̀ aró, àwọ̀ eérú. Lọ́nà kejì, a máa ń fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe tẹ̀ lé àwọ̀ láti sọ bí ó ṣe jinlẹ̀ tó: pupa rúsúrúsú kì í ṣe pupa fòò, pupa fòò kì í sì í ṣe pupa yòò, dúdú kirikiri kọjá dúdú lásán. Ohun tí bébà ìdánwò ń béèrè gan-an nìyí. Kì í béèrè orúkọ àwọ̀ nìkan, bí àwọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó ni ó ń béèrè, nítorí ìjìnlẹ̀ àwọ̀ ni ó ń sọ iye èròjà onírin tó wà nínú omi.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ ki àṣejù bọ ìyìn èdè wa. Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé kí wọ́n to rúsúrúsú, fòò àti yòò tẹ̀ léra, kò dájú pé ètò kan náà ni gbogbo wọn yóò tò. Bí a bá sì ní ‘pupa bí epo’, epo ta? Epo tuntun kì í ṣe ẹgbẹ́ epo tó ti pẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò lè rọ́pò páálí àwọ̀ tí a tẹ̀ pẹ̀lú òǹkà lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni láti jẹ́ kí àwọn tó ń wo páálí náà fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀: àwọ̀ tí a wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe èyí tí a wò ní gbangba ní ọ̀sán. Àwọn mìíràn sì wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Ẹni tó ní ojú lásán ti tó kò rántí gbogbo èyí.

Ẹ̀kọ́ láti ìdí ìkòkò aró

Kí kẹ́mísírì tó dé ilé ìwé wa ni àwọn aláró ti ń fi àwọ̀ ka ohun tí kò ṣeé rí. Wọn á gún ewé ẹ̀lú, wọn á ṣù ú, wọn á sá a gbẹ, wọn á sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò. Bí aṣọ bá ti inú aró jáde, kì í ṣe àwọ̀ aró ni ó kọ́kọ́ ń ní, bí kò ṣe àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ ìyeyè. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni yóò máa yí padà lójú ẹni. Wọn á tún kì í bọ̀ ọ́, wọn á tún fà á yọ, títí tí yóò fi kúrò ní àyìnrín, tí yóò di àwọ̀ aró gidi, tí yóò sì jinlẹ̀ tó ẹtù. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngán Mápó wà lára àwòrán rẹ̀, wà lára ohun tí irú iṣẹ́ yìí bí.

A kò sọ pé àwọn aláró mọ áyọ́ọ̀nù. Ohun tí wọ́n mọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà bébà ìdánwò kì í tẹnu mọ́ tó, ni pé àwọ̀ ní àsìkò. Aláró kì í dá aṣọ lẹ́jọ́ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò tíì ṣe tirẹ̀. Irin oríṣi kìíní tí a sọ lókè gba irú sùúrù kan náà. Èkejì, aláró ní àfiwé. Ó ti rí àyìnrín, ó ti rí ẹtù, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì mọ orúkọ wọ̀nyí bákan náà. Èdè, ojú àti ọjà ti fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí bébà ìdánwò kò tíì ní láàárín wa ni ìfohùnṣọ̀kan yìí.

Kí ni ṣíṣe lẹ́yìn tí àwọ̀ bá yí?

Orílẹ̀-èdè tí ó fi ìdánwò aláwọ̀ dán kànga wò jù lọ ni Bangladesh. Ní 1993 ni wọ́n rí i pé ásẹ́níìkì wà nínú omi kànga oníhò tí àwọn ènìyàn ń mu níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 2003, wọ́n ti dán nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún kànga wò pẹ̀lú bébà tí ó máa ń kúrò ní funfun lọ sí àwọ̀ ìyeyè, títí tí yóò fi ṣú. Wọ́n kun kànga tó léwu ní pupa, wọ́n kun èyí tó dára ní àwọ̀ ewé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ni wọ́n kùn ní pupa. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì gba ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n ní 2002, àwọn onímọ̀ kan tí Yunifásítì Jadavpur ní Íńdíà wà lára wọn bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánwò náà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ kànga ni a kùn ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fiyè sí. Mílígíráàmù 0.05 nínú lítà kan ni ààlà tí Bangladesh fi sí ásẹ́níìkì, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti òdiwọ̀n ti Nàìjíríà fi 0.01 ṣe ààlà. Kànga tó ní 0.03 yóò gba àwọ̀ ewé níbẹ̀. Níhìn-ín, pupa ni yóò gbà. Omi kò yí padà, òfin ni ó yàtọ̀. Èyí fi hàn pé àwọ̀ ‘ó dára’ tàbí ‘ó léwu’ kì í ti inú omi jáde. Ènìyàn ni ó ń pín in.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan tó wọ agboolé ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ nínú omi kànga yín.’ Ìyá dáhùn, ‘Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ṣe? Àbí wọ́n ní omi wa ti bàjẹ́ ni? Omi tí ìyá ọkọ mi ti ń mu ká tó bí ọ nìyí.’ Ìbéèrè ìyá yìí wúwo ju bébà lọ. Kànga agboolé kì í ṣe kànga lásán. Orúkọ ilé wà lára rẹ̀. Bí bébà bá pọ́n, tí ọmọdé sì kéde rẹ̀ láàárín ọjà, ẹni tó dárúkọ kànga ti dárúkọ ìdílé. Bí ó bá sì jẹ́ pé bébà ni ó ṣìnà, ta ni yóò kó ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ńkọ́, níbo ni ìyá yóò ti pọn omi lọ́la? Síse kò lè yọ òjé kúrò nínú omi. Bí omi ṣe ń fà lórí iná, ńṣe ni òjé tó kù ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù náà lè mú kí omi mọ́ gaara lójú, ṣùgbọ́n mímọ́ gaara kọ́ ni à ń wá.

Ìbéèrè mẹ́ta fún olùkọ́

Láti inú àlàyé yìí, a dá a lábàá pé kí olùkọ́ bi ìdánwò aláwọ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, kí ni ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ó lè rí, ṣé ó sì dé ibi tí òfin fi ààlà sí? Bí kò bá dé ibẹ̀, ohun tí a lè sọ kò ju pé ‘bébà yìí kò rí i’ lọ. A kò lè sọ pé ‘kò sí’. Èkejì, ta ni yóò ka àwọ̀ náà, ní èdè wo, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ wo, pẹ̀lú àfiwé wo? Ẹ̀kẹta, bí àwọ̀ bá yí, ta ni a ó sọ fún, kí sì ni ṣíṣe? Ìdánwò tí kò ní ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta kò tíì yẹ ní gbígbé lọ sí ẹ̀bá kànga ẹnikẹ́ni. Bí bébà bá pọ́n, kí a kọ́kọ́ tún un ṣe, kí a gbé omi náà lọ sí yàrá ìṣàyẹ̀wò, kí a sì bá olórí agboolé sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ìdánrawò kan wà tí ó ṣeé ṣe nínú kíláàsì láìná owó púpọ̀. Kí olùkọ́ rẹ ìṣó tó ti dípẹtà sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ó po omi tíì sínú ife mẹ́rin lọ́gbọọgba. Kí ó fi ife kìíní sílẹ̀ fún àfiwé, kí ó wá kán omi ìṣó náà sínú mẹ́ta yòókù: ẹ̀kán kan, márùn-ún àti ogún. Irin yóò mú kí tíì ṣú, bí irin bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe ṣú tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ tí yóò pe àwọ̀ ife kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìwo ti ẹnìkejì. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ síta, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Kí olùkọ́ wá po ife karùn-ún láìsọ iye ẹ̀kán rẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tó bọ́ sí. Kíláàsì náà yóò ti kọ́ kẹ́mísírì àti èdè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi inú àwọn ife yìí kì í ṣe mímu o.

Irú ẹ̀kọ́ báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni ní oṣù kọkànlá ọdún 2022; ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ìjọba kan náà kéde pé òun ti pa á tì. Ìlànà lè wá, ó sì lè lọ. Ìyá tó wà nídìí kànga kò ní í torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ka àwọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a gbìyànjú láti fi hàn pé atọ́ka aláwọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n tí ó yẹ ní lílò, ṣùgbọ́n ìyìn ‘ojú lásán ti tó’ kò bá a mu. Dídákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìmọ́tótó. Sísọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gba ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí a gba ọgbọ́n dithizone àti ti wúrà kíkúnná, kí a má sì ju ti ìkòkò aró nù. Àwọn tí ń ṣe bébà lè máa dín ìwọ̀n tí ó lè rí kù lọ́dọọdún. Iṣẹ́ àtifohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ojú rí, àti iṣẹ́ àtisọ ọ́ fún ìyá tó ni kànga lọ́nà tí yóò yé e tí kò sì ní í tàbùkù ilé rẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni ó wà.